Ta Ló Ní Owó Ọ̀rá Kò Tu Irun Kan?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Níbi ìkómọ kan ní Peckham ní London, ẹ̀gbọ́n kan ní owó ọ̀rá, ìyẹn owó báàgì náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù, olè lásán ni. "Ta ni pẹ́ńsì mẹ́wàá máa dùn? Ẹni tó bá fẹ́ ju ọ̀rá sí títì á jù ú." Gbogbo tábìlì ń mi orí. Èmi ò mi tèmi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ gbọ́ ti Ireland ná. Lọ́dún 2002 ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rá san sẹ́ǹtì 15. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan bí ọ̀rá 328 ni wọ́n ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dún. Ó já wálẹ̀ sí 21. Ti ìdọ̀tí ńkọ́? Ọ̀rá tó jẹ́ bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò pé ìdá kan mọ́. Sẹ́ǹtì 15 ló ṣe é o.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wá láti ìtòsí Washington. Lọ́dún 2012, Montgomery County ní Maryland, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí, gbé sẹ́ǹtì 5 lé ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè náà ti ń fún oníbàárà ní sẹ́ǹtì 5 tó bá gbé báàgì tirẹ̀ wá. Owó kan náà, ẹ jọ̀ọ́. Tatiana Homonoff, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi méjèèjì wéra. Sẹ́ǹtì 5 tí wọ́n ń fúnni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ohunkóhun padà. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni! Nínú oníbàárà ọgọ́rùn-ún, ó lé ní ogójì tó jáwọ́ nínú ọ̀rá. Iye owó náà kọ́ ló ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun nítorí ohun tó ti ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ̀ ọ́n lára ara mi. Pẹ́ńsì mẹ́wàá ò lè pa mí, àmọ́ tí ọmọ tó ń gbowó bá ti bi mí pé ṣé mo fẹ́ báàgì, "rárá" ló máa ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ wá wò mí nínú òjò, tòmátì agolo mẹ́rin láyà, búrẹ́dì lábẹ́ àgbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láàárín eyín. Ẹ̀gbọ́n tó ń pariwo olè náà, nígbà tí wọ́n pín jọ́lọ́ọ̀fù, báàgì tó ká sínú àpò agbádá látilé ló fà yọ.

Wọ́n á ní ìjọba ló ń jẹ owó náà. Ní England, kì í ṣe owó orí. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù ló wà, wọ́n sì ń retí kí wọ́n fi ṣe ìtọrẹ àánú. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn kan ti sọ báàgì tó nípọn, tó yẹ kí wọ́n máa tún lò, di ọ̀rá, wọ́n ń ra tuntun ní gbogbo ìgbà. Mo gbà. Síbẹ̀, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2025 lórí ìdọ̀tí tí wọ́n ń ṣà létí omi ní Amẹ́ríkà, ìpín ọ̀rá fi ìdá 25 sí 47 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbi tí òfin ọ̀rá wà, tí a bá fi wé ibi tí kò sí, ó sì jọ pé owó gbígbà ń ṣiṣẹ́ ju kí wọ́n fòfin de ọ̀rá lọ.

Ẹ máa ń fi South Africa ta kò mí. Ó dáa. Sẹ́ǹtì 46 ti owó rand wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ọ̀rá sì dín kù gan-an. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti fa owó náà wálẹ̀, làwọn èèyàn bá padà sídìí ọ̀rá. Nígbà tí Ireland rí i pé ó tún fẹ́ máa pọ̀, wọ́n sọ sẹ́ǹtì 15 di 22 lọ́dún 2007, ó sì tún lọ sílẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú pé láti 2021 ni pẹ́ńsì mẹ́wàá ti England ti wà lójú kan.