Kí A Tó Na Apá Ọmọ, Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun n'Íkòròdú mọ iṣẹ́ rẹ̀. Á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti òrí ra ọmọ, á na ẹsẹ̀, á na apá, á wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè kí ara rẹ̀ lè le. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wẹ ọ̀pọ̀ nínú wa, a ò sì ní pẹ̀gàn àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fa apá rẹ̀: èyí tí apá rẹ̀ kan rọ sílẹ̀ dirodiro látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Orí ọmọ ló jáde tí èjìká há, pàápàá bí ọmọ bá tóbi tàbí tí ìyá ní ìtọ̀ ṣúgà. Agbẹ̀bí fà á kí ó má bàa kú, ẹ̀mí yọ, àmọ́ àwọn iṣan ìmọ̀lára (nerve) márùn-ún tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn gba ọrùn lọ sí apá ti ṣèṣe.

Ọ̀pọ̀ irú apá bẹ́ẹ̀ ló ń san fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí "ẹ fi sílẹ̀, á lọ" ni gbogbo ìyá ń gbọ́. Iṣan tó kàn nà lè san. Èyí tó já pátápátá, tàbí tó tu ní gbòǹgbò lára ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Lójú lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ. Egungun ni X-ray ń fi hàn. MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ló lè fi gbòǹgbò tó tu hàn, òòfà ló sì ń lò, kò ní ìtànṣán X-ray nínú. Bí ọmọ bá ṣì kéré, tó mu ọmú yó, tí wọ́n fi aṣọ wé e, tí wọ́n dí i létí nítorí ariwo ẹ̀rọ náà, ó lè sùn títí wọ́n á fi yà á tán láìgba oògùn oorun.

Ṣé ká wá ní kí ìjọba gbé MRI wá sí Ìkòròdú ni? Ẹ̀rọ tí iná kò gbọdọ̀ lọ lórí rẹ̀? Ká má tanra wa. Ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa gan-an ló kọjá níwájú ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì. Ohun tí ìyá tó bímọ sí Odògúnyàn tàbí Ìmọ́tà ṣaláìní ni ẹni tó máa sọ fún un pé kó lọ kíákíá, àti owó.

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ta tí kò tíì lè ká ìgúnpá rẹ̀, ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ ti rí i. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Nọ́ọ̀sì ń rí ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, ó tún ń rí i lẹ́ẹ̀kẹta ní kété lẹ́yìn rẹ̀, itan ló ń wò láti gún un lábẹ́rẹ́! Kí ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n wo apá méjèèjì, kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì, kí wọ́n fún ìyá ní lẹ́tà lọ́jọ́ náà, kí Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó, sì san owó MRI ọmọ tí dókítà bá ní kó yà á. Kí wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ náà, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ń bímọ sí.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ wẹ ọmọ náà, ẹ fi òrí ra á. Ẹ kàn má fi apá yẹn gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, fi bí ẹ ó ṣe máa mú un hàn yín.