Ta ló ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára kò gbọdọ̀ dúró?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ní ẹ̀yìn páàkì ọkọ̀ ní Kàbà, níbi tí a ti máa ń ta poker, eré káàdì tí a ń fi owó ta, lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tún là á mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá dára tó wá dúró, ojo ni. Ẹ máa fi owó lé e títí á fi rẹ ẹnìkejì.” Gbogbo ìjókòó sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ibi tí mo dé láàárín Ìyárá àti Ìsánlú tí wọ́n ti ń ta poker tí mi ò bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní poker oní-gbèdéke, èyí tí wọ́n ń pè ní limit, òun gan-an ló ń kó owó lọ lápò àwọn tó mọ káàdì í ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré náà, ẹ fo ìlà yìí. Oníkálukú mú káàdì méjì, márùn-ún wà ní gbangba fún gbogbo ayé, márùn-ún tó bá dára jù nínú méjèèje lèèyàn fi ń jà, òun ni ọwọ́ rẹ̀. Iye owó tí èèyàn lè fi lé e ti wà ní títò: ẹ jẹ́ ká ní ₦100 ní ìpele méjì àkọ́kọ́, ₦200 ní méjì tó gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó lè da gbogbo àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rò pé ₦200 kan sí i kò lè pa èèyàn.

Ó dáa, ẹ bá mi kà á. Káàdì márùn-ún ti pé nílẹ̀: King, 9 àti 5, spade ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ìyókù ni 7 heart àti 2 diamond. Ẹ̀yin mú Queen àti Jack spade. Spade márùn-ún, ẹ̀yà káàdì kan náà, lẹ ní. Ọwọ́ yín dára gan-an, mi ò jiyàn. Irú ọwọ́ kan ṣoṣo ló lè nà yín, ìyẹn ti ẹni tó bá mú Ace spade pẹ̀lú spade mìíràn, torí Ace ló ga jù. Spade 13 ló wà nínú káàdì 52. Mẹ́ta wà nílẹ̀, méjì wà lọ́wọ́ yín, ó ku mẹ́jọ. Ọ̀nà 28 ni ẹnìkejì lè gbà mú méjì nínú mẹ́jọ yẹn. Nínú 28 náà, 7 ló ní Ace. Ẹ na 21 tó kù.

Ẹ fi ₦200 sílẹ̀, ó fi ₦200 lé e. Ṣé kẹ́ ẹ tún fi lé e? Bẹ́ẹ̀ ni! 21 sí 7, ká má tíì ka àwọn tó mú 8 àti 6, tí tiwọn tò tẹ̀ léra láti 5 dé 9, tàbí àwọn tó ní mẹ́ta tó jọra, tí gbogbo wọn náà wà lábẹ́ yín. Títí débí, èmi àti oníṣẹ́ fóònù yẹn ò jà.

Ó wá tún fi ₦200 lé tiyín. Níbí ni kẹ́ ẹ ti fura. Ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó mú spade 4 àti 3 ti dákẹ́ tipẹ́. Asẹ́ èlùbọ́ ni gbogbo owó tí ẹnìkejì bá fi lé e: ọwọ́ lẹ́búlẹ́bú ń jò lọ, kókó ló ń kù lókè. Àwọn tó ṣì wà lórí asẹ́ ni 7 tó ní Ace, àti bóyá àwọn tó mú 10 pẹ̀lú spade mìíràn, 6 ni wọ́n. Káàdì yín kò yí padà, àmọ́ 21 ti di 6.

Tẹ́ ẹ bá tún fi owó lé e, ẹni tó mú 10 á bá yín dọ́gba, ìyẹn ni pé á san iye kan náà láìfi kún un, ẹ jèrè ₦200. Ẹni tó mú Ace á tún fi lé e, ẹ̀yin náà á sì san án, ₦400 lọ. Ìlọ́po 6 ₦200 jẹ́ ₦1,200, ìlọ́po 7 ₦400 jẹ́ ₦2,800. Ẹ bá mi wá èrè níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ da káàdì nù o. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì fi ₦200-₦200 sílẹ̀ (₦100, pẹ̀lú ₦100 tí ẹnìkan fi lé e) kí káàdì gbangba tó jáde, ₦100-₦100 lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́, ₦200-₦200 lẹ́yìn ìkẹrin, pẹ̀lú ìjà ìkẹyìn yìí, ₦2,400 ló wà nílẹ̀. ₦200 lẹ ó fi wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 13 tẹ́ ẹ bá borí, owó yín ti padà. Ẹ dọ́gba, kẹ́ ẹ ṣí káàdì.

Wọ́n á ní, “Bó bá wá ń parọ́ ńkọ́?” Tó bá ń parọ́, tẹ́ ẹ bá fi owó lé e, á da káàdì nù, ẹ ò rí kọ́bọ̀ kún un. Ti ojo àti akin, ọ̀rọ̀ ìjàkadì nìyẹn.

Èmi ni mo mú Ace lọ́jọ́ tí bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ Ọbájánà fi irú Queen bẹ́ẹ̀ bá mi jà. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò kúrò létí káàdì, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí igun rẹ̀ fi ká sókè. Mo fi lé e, ó fi lé e, ó ń la ₦200 mọ́ àga. Nígbà tá a ṣí i, ó ní, “Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?” Mo ní, “Bàbá, láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ fún yín.” Gbogbo owó tí mo fi lé e, ọ̀rọ̀ ni.

Ẹni tó bá ní ìṣirò páàkì lásán nìyí, kó gbọ́ ti Cepheus, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta poker. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Michael Bowling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, ní Kánádà, gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Kọ̀ǹpútà wọn ti ta poker oní-gbèdéke ẹlẹ́ni méjì débi pé bí èèyàn bá ń bá a ta á títí ayé rẹ̀, kò ní rí èrè gidi kan mú. Tó bá jẹ́ òun ló ń pín káàdì, tó sì mú Ace méjì, ọwọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ga jù lọ, ìgbà tó ń fi owó tó kẹ́yìn nínú èyí tí òfin gbà lé e ní ìpele àkọ́kọ́ kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000. Á bá ẹnìkejì dọ́gba, á sì dákẹ́. Kí ọ̀rẹ́ wa lọ pe òun náà ní ojo.

Ní ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi owó lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó tún lè fi lé e mọ́ ní ìpele náà, òfin sì ń gba aláìmọ̀kan sílẹ̀. Àmọ́ tó bá ku ẹni méjì, ọ̀pọ̀ ń ṣí i sílẹ̀, bí tiwa ní Kàbà.

Ó dáa, tẹ́ ẹ bá mọ̀ dájú pé wèrè lẹni tẹ́ ẹ ń bá ta, tó ń fi spade 4 àti 3 jà dé òpin, ẹ lè fi ọ̀kan lé e sí i. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ mú Ace spade pẹ̀lú spade mìíràn ní ilẹ̀ tí mo tò sókè yìí, ẹ má dá a dúró rárá, kò sí ọwọ́ tó lè nà yín. Ẹ máa fi lé e títí owó á fi tán lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín.