Ìjàpá òkun kì í ṣe ẹran ọ̀sà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní inú ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí ni ìjàpá òkun ń gbé, pé inú omi ló ti ń mí bí ẹja, àti pé ẹyin rẹ̀ pọ̀ débi pé kíkó o kò lè pa ìran rẹ̀ run. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀.

Òkun ni ilé rẹ̀. Abo ló máa ń gun iyanrìn etíkun lóru, bíi ti Grand-Popo ní Benin, láti gbẹ́ ihò yé ẹyin. Ẹ̀dọ̀fóró ló ní bíi tiwa. Bí àwọ̀n bá há a mọ́lẹ̀ tí kò lè yọrí síta, ó kú nìyẹn.

Ti ẹyin yẹn ló dùn mí jù. Lóòótọ́, ó lè tó 100 nínú ihò kan. Ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù méjì ni yóò fi wà lábẹ́ iyanrìn kó tó pa, ooru iyanrìn náà ló sì ń pinnu akọ tàbí abo. Bí ọmọ bá jáde, akàn, ẹyẹ àti ẹja ti ń dúró dè é. Nínú 1,000, bóyá ẹyọ kan ló máa dàgbà, ó sì máa ń ju ọdún 10 lọ kó tó yé ẹyin tirẹ̀. Ikú tó ń mú wọn lọ ni iye ẹyin yẹn ń dí, kì í ṣe àṣẹ́kù fún wa.

Ọ̀sà wa kàn án ṣá o: àpò ọ̀rá tí à ń jù sínú rẹ̀ ń ṣàn dé òkun, irú ìjàpá òkun tí awọ bo ẹ̀yìn rẹ̀ a sì gbé e mì, torí ó jọ ẹran omi rírọ̀, tó mọ́ gaara, tó ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tí ẹ kọ ṣe.