Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Màmá mi fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí Ìyá Ṣadé lórí ìkànnì tí ẹgbẹ́ wọn fi ń dá àjọ. Wọn ò kàwé, ojú tó wà nínú fọ́tò ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀. Wọ́n rí Ìyá Ṣadé, wọ́n nawọ́ sí i. Bí ìka wọn ṣe fẹ́ kan fóònù ni fọ́tò ẹni tó wà lókè já wọlé, gbogbo orúkọ bá sún wálẹ̀, wọ́n tẹ ẹlòmíì. Ibi tí ìkànnì ti bi wọ́n bóyá ẹni náà nìyẹn, fọ́tò ò tíì dé, àyè funfun ni wọ́n rí. Wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tówó bọ́ sí lọ́wọ́ ló ṣe ọmọlúàbí tó dá a padà.

Mo pe àwọn tó ṣe ìkànnì náà. “Ọ̀gá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ni.” Irọ́ ni! Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, mo sì wo kóòdù wọn. Wọn ò kọ width àti height, ìyẹn bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó, sára àwòrán kankan. Nọ́ńbà méjì yẹn ni bùráúsà, ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, fi ń mọ àyè tí yóò fi sílẹ̀ de àwòrán; láti ìparí 2019 ni àwọn bùráúsà bíi Chrome àti Firefox ti ń fi wọ́n ṣírò àyè náà, kódà bí àwòrán bá ń fẹ̀ tàbí ń kéré bí fóònù ṣe tó. Fọ́tò 4MB ni wọ́n sì ń kó wá gbúù bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde, nítorí ojú tí kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Ẹ gé e kéré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí ìkànnì, ó parí! Ní oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, gba àwọn ilé iṣẹ́ náà láyè láti fi tó 50% lé owó wọn. Owó dátà ìyá ta ni wọ́n ń fi ṣòfò?

Wọ́n ti tún ti àyè yẹn ṣe. Èyí tó kù ni ohun tí wọ́n ń fi dípò fọ́tò tí kò bá wọlé: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ. Nínú ẹgbẹ́ Yorùbá! Adéọlá, Ayọ̀, Àbẹ̀kẹ́, Àlàkẹ́, A ni gbogbo wọn. Ọláídé tiẹ̀ di O, torí pé àmì abẹ́ lẹ́tà rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀ níbi tí wọ́n tọ́jú orúkọ sí, kóòdù wọn sì já a sílẹ̀. Intl.Segmenter, irinṣẹ́ inú JavaScript tó ń ka lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀, wà tí kì í já a sílẹ̀, wọn ò lò ó.

Àmọ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ Ọ tó péye, kí ni màmá mi fẹ́ fi ṣe? Àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́? Kò ní pẹ́ tán nínú ẹgbẹ́ ńlá. Mo ní kí fóònù máa pe orúkọ náà sókè kí owó tó lọ, ṣùgbọ́n inú ọjà ni wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́. Ta ló fẹ́ kí ìsọ̀ kejì gbọ́ ẹni tóun ń sanwó fún?