Pásípọ́ọ̀tù yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, ojú yín á tẹ̀lé e

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mọ́tò, tí ẹ ń ta ilẹ̀ bàbá yín, tí ẹ ń dá àjọ kí ẹ lè jápa wá sí Ìlú Ọba, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún keje mi rèé níbí. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá o. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹ gbé irú ọkàn tí èmi gbé wá wọ ọkọ̀ òfuurufú ni, pé òyìnbó yìí ló jọba lé wa lórí títí di 1960, kò lè fojú àlejò wò wá.

Ìbéèrè tí àwọn àbúrò ń bi mí jù ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí pé a dúdú ni wọ́n ṣe ń yọ wá lẹ́nu lórí físà, àbí torí pé a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà?" Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn bí òfin ṣe wí. Equality Act ti 2010 kò gba òṣìṣẹ́ físà láyè láti fi àwọ̀ ara lé ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà gba mínísítà láyè kó ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀, àní nítorí ìran tó ti ṣẹ̀ wá pàápàá. Wọn ò lè sọ fún yín pé, "Dúdú ni ọ́, padà sẹ́yìn." Wọ́n lè sọ pé, "Ọmọ Nàìjíríà ni ọ́, dúró ná."

Ẹ wo ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tíṣà ti ń nà wá pé a sọ fanákúlà ní kíláàsì. Síbẹ̀, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní kí ọmọ wọn má ṣe ìdánwò. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Barbados wà níbẹ̀, Guyana náà wà níbẹ̀, nítorí náà mi ò lè fẹnu mi sọ pé àwọ̀ ni wọ́n wò. Àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ yáa fi owó IELTS sínú ìṣirò yín, tàbí owó tí wọ́n máa gbà láti yẹ ìwé ẹ̀rí yunifásítì yín wò.

Ibi tó ń dùn mí jù ni físà tí wọ́n ń pè ní Ancestry. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tí wọ́n bá bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìlú Ọba, ọdún márùn-ún ni wọ́n máa fún un. Iṣẹ́ tó bá wù ú ló máa ṣe, kò nílò ọ̀gá kankan tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì lè bèèrè fún ìwé ìgbé ayérayé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti bá ọmọ South Africa méjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, pásípọ́ọ̀tù kan náà ni wọ́n mú dání. Funfun ni ọ̀kan, Scotland ni wọ́n ti bí bàbá ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn sú u, ó kọ̀wé sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Dúdú ni èkejì. Òun ò jẹ́ dánwò, torí tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti fi wá onígbọ̀wọ́ míì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Orílẹ̀-èdè wo ló wá ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀?

Ọ̀rọ̀ "ta ni bàbá àgbà rẹ?" yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1968, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, wọ́n sáré ṣòfin láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Éṣíà tó wà ní Kẹ́ńyà, bẹ́ẹ̀ pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba gan-an ni àwọn yẹn mú dání. Ẹni tí òun, òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ bá ní gbòǹgbò níbí ló ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ ọ́ ní 1973 pé ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà ni.

Tí ẹ bá wá wọlé tán, ojú yín ló kù. Òfin 2014 ní kí onílé ní England yẹ ìwé ẹni tó fẹ́ gba yàrá wò kó tó fún un. Onílé tí kò fẹ́ wàhálà á kàn gbọ́ orúkọ yín, ó parí. Ó ṣe mí rí. Lórí fóònù, yàrá wà. Mo débẹ̀, ó wò mí, ó ní ẹnìkan ti gbà á. Nígbà tó di alẹ́, ìpolówó yàrá náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹjọ́ gíga sọ ní 2019 pé òfin yẹn ń fa ìyàsọ́tọ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní 2020, ṣùgbọ́n wọn ò sẹ́ pé ìyàsọ́tọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ìjà tó yẹ kí ẹ jà rèé, torí Equality Act tí mo sọ lókè wà lẹ́yìn yín níbí. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, ẹ tètè lọ bá Citizens Advice, àjọ tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, torí àkókò tí wọ́n fún ni láti pẹjọ́ kì í gùn. Èmi sunkún lọ sílé ni, n kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣì ń ká mi lára.

Owó ńkọ́? Ẹni tó bá fi físà iṣẹ́ wá, yàtọ̀ sí àwọn oníṣẹ́ ìlera, pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún ni owó ìlera àgbàlagbà kan, gbogbo ọdún físà náà ni wọ́n sì ń gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tọkọtaya tó fẹ́ lo ọdún mẹ́ta á kó 6,210 kalẹ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kìn-ín-ní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà ò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ọ̀nà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó pa mọ́ ẹni tó wà lókè òkun. Mo mọ ẹni tó ti kówó fún ajẹ́ńtì nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń ta ìwé onígbọ̀wọ́ fún yín, olè ni, ẹ sá fún un.

Àbúrò mi obìnrin náà ń múra nílé. Mo ti sọ fún un pé kó má tíì ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bódìjà, àfi ọjọ́ tí físà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Inú ń bí i sí mi, kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Sunday.