Wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí kì í tún katapílà ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu èèyàn: “Kí lèèyàn fẹ́ fi ìwé ṣe nínú gírísì?” Àwọn òbí tó fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà tàbí lọ́yà ń sọ ọ́, nítorí lójú tiwọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú kò lè lówó. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì náà ń sọ ọ́, nítorí àwọn ò lọ iléèwé kankan, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà wá, ibì kan náà ló já sí: pé owó tí èèyàn bá fi kẹ́kọ̀ọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ńlá, bíi katapílà, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ àti típà, owó ìnákúnàá ni. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko tí mo fi wà nídìí iṣẹ́ yìí láìníwèé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nọ́ọ̀tì kì í béèrè bóyá èèyàn kàwé kó tó tú. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí lè máa gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó tiẹ̀ lè kéré sí i, torí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì yá. Ẹni tó bá ṣírò dé ibẹ̀ tó dáwọ́ dúró, á ní òótọ́ làwọn àgbà sọ. Àṣìṣe inú ìṣirò náà ni pé wọ́n rò pé ọwọ́ tó ń tú nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ wo ibi iṣẹ́ kan. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kan ń bu erùpẹ̀ sínú típà márùn-ún. Tí ẹ̀rọ yẹn bá kú, típà márààrún dúró nìyẹn, awakọ̀ márùn-ún jókòó, owó iṣẹ́ wọn ṣì ń gun orí ara wọn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n yá ẹ̀rọ náà ni, owó ìyálò ò dúró. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn olówó ẹ̀rọ: wákàtí mélòó ló kù kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá lè gé wákàtí yẹn kúrú ló ń wá kiri.

Ojú mi ló ṣe. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kan ni, apá rẹ̀ ń falẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo fetí sí i, mo fọwọ́ kan ara páńpù, ó gbóná. Mo ní páńpù ńlá ló ti kú. Wọ́n ra tuntun. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú ti àtijọ́ tí mo fi de tuntun. A tan ẹ̀rọ, apá ṣì ń falẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo àwòrán ẹ̀ ná.” Ó tẹ́ bébà ńlá kan sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà orí rẹ̀ lọ.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì ń gbà. Ọ̀nà ńlá ló ń gbé apá, agbára ọ́ìlì inú rẹ̀ sì lè tó nǹkan bíi 350 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ń fi agbára tì). Ọ̀nà kékeré ni awakọ̀ ń fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ darí, kì í sábà ju nǹkan bíi 40 bar lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lọ ṣílẹ̀kùn fún ti ńlá. Bí agbára ti kékeré bá lọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní ṣí tán, páńpù tuntun mẹ́wàá ò sì lè gbà á. Ọmọ yẹn so gẹ́ègì mọ́ ọ̀nà kékeré náà, ó ka 15. Fítà kan tí ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló dí. A pààrọ̀ rẹ̀, kò tó wákàtí kan tí apá tún fi ń sáré.

Mo ro iye tí wọ́n ra páńpù yẹn, mo ro ọjọ́ méjì tí gbogbo típà fi dúró nítorí mi. Ọdún yẹn náà ni mo lọ gba fọ́ọ̀mù.

Àlàfo tó wà láàárín ẹni tó kàwé iṣẹ́ yìí àti ẹni tí ò kà á ń fẹ̀ sí i ni. Tẹ́lẹ̀, etí àti imú tó fi mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísù. Láàárín 2008 sí 2015 ni Amẹ́ríkà mú òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní Tier 4 wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá, Yúróòpù náà sì ní irú tiwọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà ló ní fítà tó ń mú eruku dúdú inú èéfín, tó sì máa ń gbóná dé nǹkan bíi 600°C kó lè jó ohun tó mú dànù. Sẹ́ńsọ̀ wà káàkiri ara wọn, kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́ tiwọn. Sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ kì í pariwo, etí ò lè bá a wí. Dísù tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè ní agbára tó ju 2,000 bar lọ. Ẹni tó bá fi ìka wá ibi tó ti ń jò, dísù náà lè gún awọ rẹ̀ wọlé, kó di iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ tó ń wa ara rẹ̀ á gba iṣẹ́ yìí. Típà ńláńlá tí kò ní awakọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà bàbà kan ní Chile láti 2008. Awakọ̀ ni ò sí nínú wọn. Taya wọn ṣì ń jẹ, ọ́ìlì wọn ṣì ń bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ wọn sì ti pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọdún méjì. Ètò ẹ̀kọ́ ThinkBIG tí Caterpillar, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá, gbé kalẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ: akẹ́kọ̀ọ́ á wà ní kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, á tún bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é títí á fi parí. Nígbà tó bá ti ń gbowó oṣù, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ fún ọdún mẹ́rin ṣì wà níléèwé. Ìyẹn dáa, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni owó náà wà. Orúnkún ni kí ẹ wò.

Iṣẹ́ yìí ń jẹ ara. Abẹ́ ẹ̀rọ lèèyàn ń sùn sí, irin tó wúwo lèèyàn ń gbé, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tà, ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá kọ̀, ọjà tán. Ẹni tó níwèé lè bọ́ síbòmíì: ó lè máa ṣètò ìgbà tí ẹ̀rọ máa wọ ṣọ́ọ̀bù, ó lè di olùkọ́, ó lè máa yẹ ẹ̀rọ wò fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í fún ẹni tí ò níwèé nírú àga bẹ́ẹ̀, kódà kó mọ ẹ̀rọ ju gbogbo wọn lọ. Ó ń dùn mí, mi ò gbà pé ó tọ́, àmọ́ ohun tí mò ń rí nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èèyàn tún máa fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí orúnkún ti kọ̀, òun ló yẹ ká gbé sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú owó iléèwé.

Gbogbo ìwé-ẹ̀rí kọ́ ló wúwo o. Iléèwé tó jẹ́ pé ojú pátákó nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ jẹ gbèsè. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀? Ta ló di sípánà mú, akẹ́kọ̀ọ́ àbí olùkọ́?

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Àbájáde àyẹ̀wò ọ́ìlì ni wọ́n ń kà báyìí. Wọ́n á bu ọ́ìlì díẹ̀ látinú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wo ohun tó wà nínú rẹ̀: sílíkọ́nì tó pọ̀ lè jẹ́ pé eruku ń wọlé, irin tàbí bàbà tó pọ̀ lè jẹ́ pé nǹkan kan ń jẹ nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé pòtásíọ̀mù, èròjà tó sábà máa ń wà nínú omi rédíétọ̀, ti fò sókè nínú ọ́ìlì ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Wọ́n gbé fóònù.

“Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì yẹn o. Omi rédíétọ̀ ti ń wọ inú ọ́ìlì ẹ̀.”

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ náà tú u, wọ́n bá síìlì kan tó ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì ò tíì bàjẹ́. Bàbá ti ṣí ojú ìwé tó kàn.