Ẹ Tò Sí Láìnì, Ọ̀la Ti Dé sí Lugbe

Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ kú gbogbo ẹ̀ o. Ṣé ẹ ti rí àṣà tó wọ̀lú báyìí? Kò sí tíréèdì féà tí kọ́ńpìnì ò ní kọ́ "ọjọ́ iwájú" sí mọ́. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní féà ń bẹ ní Rigachikun lọ́hùn-ún ní Kàdúná, tàbí èyí tó wà ní Lugbe lójú ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù tiwa níbí, a mọ nǹkan tá a fẹ́ lọ rà: kúlà, ẹní Bida, báàgì awọ Kano, ìkòkò tí kì í jó lábẹ́, a ó sì ná an títí ojú ọlọ́jà á fi pọ́n. Ní báyìí, àwọn ìyá tó ń ta ẹní ti wà lẹ́yìn pátápátá nínú òòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalángá, iwájú gan-an ni tẹ́ńtì funfun ràgàjì wà, ẹ́sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́, jẹnẹrétọ̀ tó tóbi ju ilé mi lọ ń bú ramúramù lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé ẹ wọlé wá rí ayé tuntun.

Mo wà lórí láìnì nígbà tí ìyá kan láti Kubwa dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó wọ tíṣẹ́ẹ̀tì kọ́ńpìnì kúnlẹ̀ díẹ̀, ọmọ wa ni, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ọjọ́ iwájú o, mọ̀mí."

Màmá wò ó. "Ṣé iná wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Ti jẹnẹrétọ̀ àbí ti NEPA?"

Ọmọ náà kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò kọ́ ọ ní ìdáhùn ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, wọ́n á de awò dúdú kan mọ́ yín lójú, ẹ ó rí ìlú tí mọ́tò ń fò, tí gbogbo ọmọdé sanra, tí ẹnikẹ́ni ò làágùn. Ẹ ya sẹ́lífí, ẹ yí àgbá ẹ̀bùn, àmọ́ kẹ́ ẹ tó yí i ẹ gbọ́dọ̀ kọ nọ́ḿbà fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọ́lòó wọn lórí Instagram, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á fún yín ní bírò kan. Ẹ ò tíì délé tí wọ́n á ti máa pè yín. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ìpolówó ọjà ni gbogbo ẹ̀, ìpolówó yìí kan náà tó jẹ́ pé tá a bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, rìmóòtù là ń wá kiri, àwa náà la wá tò fún wákàtí kan gbáko kí wọ́n lè polówó fún wa. Ó ti wọ inú àríyá náà o. Lọ síbi ìgbéyàwó ní Gwarinpa, bánà kọ́ńpìnì ọṣẹ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé kẹ́ ẹ tó rí ìyá ìyàwó.

Àbújá kọ́ ló dá a sílẹ̀ ṣá. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Kọ́ńpìnì náà ń dífá, àmọ́ babaláwo tó ń ta ewúrẹ́ ni: ohun yòówù kí Ifá fọ̀, ewúrẹ́ lẹbọ. Lọ́dún 1939, níbi àfihàn àgbáyé ní New York, General Motors kọ́ ibì kan tí wọ́n pè ní Futurama, Norman Bel Geddes ló yàwòrán ẹ̀. Wọ́n kó àwọn èèyàn lé àga tó ń rìn fúnra ẹ̀, ohùn ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí, wọ́n ń wo ìlú kékeré nísàlẹ̀, bí Amẹ́ríkà ṣe máa rí ní 1960: títì gbàràgbàdà, mọ́tò ń lọ geere, kò sí gosiló níbì kankan. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á gba báàjì tí wọ́n kọ "Mo ti rí ọjọ́ iwájú" sí. Kí ni General Motors ń tà? Mọ́tò. Ẹ máa retí kí irú Ifá bẹ́ẹ̀ rí réluwéè. Títì yẹn kúkú padà dé lóòótọ́, ní 1956 ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ẹ̀, owó ará ìlú ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Oníbàárà náà ló tún sanwó ojúbọ.

(Níbi féà yẹn náà, Westinghouse gbé rọ́bọ́ọ̀tì kan jáde, Elektro. Ó ń mu sìgá. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀.)

Nígbà tó di 1964, New York tún ṣe òmíì, BIE, àjọ tó ń bójú tó ẹ́kspò, ìyẹn irú àfihàn àgbáyé bẹ́ẹ̀, láti Paris, ní àwọn ò fọwọ́ sí i, torí wọ́n fẹ́ fi sáà méjì ṣe é, wọ́n tún fẹ́ gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá wá pàtẹ. Ọ̀pọ̀ ìjọba Yúróòpù ò bá wọn lọ, ni àwọn kọ́ńpìnì bá rọ́ wọlé. Walt Disney, oníkátúùnù Amẹ́ríkà, ló ń bá wọn ṣeré ẹ̀: ó ṣe ti Ford, ó ṣe ti General Electric, ó ṣe ti Pepsi níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èèyàn kọjá láàárín ọmọláńgidi tó ń kọrin, wọ́n ní torí UNICEF ni. Ẹ sọ fún mi, kí ló pa mínírà pọ̀ mọ́ àlàáfíà àwọn ọmọ aráyé? Bell, kọ́ńpìnì tẹlifóònù, náà gbé Picturephone wá, fóònù téèyàn fi ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún yẹn, dọ́là 16 ló ti bẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, àwọn èèyàn bá rọra yẹra. Lónìí, ìyá alátà ní Wuse ń wo ọmọ ọmọ ẹ̀ ní Kánádà lórí WhatsApp, ó ń bú u pé ó ti rù. Ọ̀la yẹn dé, kò kàn gba iwájú ilé ẹni tó kọ́kọ́ ń kiri ẹ̀.

Ti ẹ́kspò Osaka ní Jàpáàn wá ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ní 1970, kọ́ńpìnì Sanyo gbé ẹ̀rọ tó ń wẹ èèyàn síbẹ̀, o kàn máa jókòó sínú ẹ̀ ni, omi á dà, á wẹ̀ ẹ́, á tún gbẹ ẹ́. Osaka tún ṣe ẹ́kspò ní 2025, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ ìwẹ-èèyàn dé! Ọdún 55, ọ̀la kan náà. Ẹ gbé e wá sí Mararaba ká wò ó. Máíruwa á máa da kẹ́ẹ̀gì sí i, á máa da kẹ́ẹ̀gì sí i, owó á tán lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ ọ̀hún ò tíì ní wẹ ẹsẹ̀ kan.

Àwọn tiwa tó lọ Dubai ńkọ́, sí Ẹ́kspò 2020 tó jẹ́ pé October 2021 ló bẹ̀rẹ̀ nítorí Kòrónà. Wọ́n ń ta pásípọ́ọ̀tù eré níbẹ̀, pafílíọ́nù, ìyẹn ilé tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ń pàtẹ, tó o bá wọ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i fún ẹ. Ẹni tí ẹ́mbásì ti dá padà ní Maitama wá rí orílẹ̀-èdè tó ń lu òǹtẹ̀ láì béèrè stétímẹ́ǹtì báǹkì, ó yà gbogbo ẹ̀ sórí Instagram, gbogbo wa sì bá a yọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí kí n tó gbàgbé o. Kenzo Tange, ará Jàpáàn tó ya plánì ilẹ̀ ẹ́kspò Osaka 1970 yẹn, òun náà ni wọ́n gbé àárín gbùngbùn Àbújá fún pé kó bá wa yà á. Ìyẹn ni pé látọjọ́ yìí, inú pafílíọ́nù la wà. Ẹ wò ó: títì gbàràgbàdà, koríko tútù, Aso Rock lẹ́yìn ẹ̀ fún fọ́tò. Àwa tá à ń gbálẹ̀ ẹ̀, tá à ń tẹ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, Nyanya là ń lọ sùn, oníṣẹ́ pafílíọ́nù kì í sùn síbẹ̀.

Riyadh ló máa gbàlejò ní 2030, mo sì ti bá ìjọba ronú ohun tá a máa pàtẹ. Ẹ fi ìlù àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Futurama tiwa ni ká ṣe: àga tí kì í rìn. Ká kó wọn lé e láago márùn-ún ìdájí, ká kọ "Nyanya sí Sẹ́kítéríàtì" síwájú ẹ̀, ká fẹ́ èéfín díẹ̀ sí wọn, kí ọmọdé máa kan gíláàsì pé kí wọ́n ra píọ̀ wọ́tà, kí kọ̀ndọ́ máa pariwo pé kí kálukú mú ṣéńjì ẹ̀ dání o. Kọ́ńpìnì tó bá fẹ́ fowó sí i, ilẹ̀kùn ṣí. Tí òyìnbó kan bá wá ń béèrè pé ìgbà wo gan-an ni àga máa gbéra, ẹ ní kó fara balẹ̀, ọ̀gá kan ló ń kọjá pẹ̀lú sàírẹ́nì.